Télọ̀ Gé Igi Káfíńtà

Télọ̀ kan wà tó jẹ́ pé ojú rẹ̀ ni oko rẹ̀, ojú rẹ̀ náà sì ni àdá rẹ̀. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti ń yọ lágbọ̀n rẹ̀ ló ti ń ránṣọ, títí irùngbọ̀n náà fi funfun bí òwú tí kò tíì wọnú aró. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Tábìlì ìgéṣọ wà níbẹ̀, aṣọ oníbàárà rọ̀ sára okùn bí àdán, ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ sì wà níwájú fèrèsé, tó kọjú sí ìta gbangba. Ìmọ́lẹ̀ ló gbé e síbẹ̀. Ojú tó ti dàgbà kì í bá iná mànàmáná rẹ́. Bí wọ́n bá tan gílóòbù sókè, òjìji ọwọ́ ara Télọ̀ ni yóò bo ihò abẹ́rẹ́ mọ́ ọn lójú. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló ń gbọ́ tirẹ̀.

Igi máńgòrò kan wá wà ní ilé kejì. Bàbá Káfíńtà ló ni ín, ògbólógbòó káfíńtà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, tí òun àti ìyàwó rẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Àgbà jọ ń gbé. Fẹ́ǹsì àárín wọn kò ga; ẹni tó bá ń se ọbẹ̀ níbí lè gba iyọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó wà lọ́hùn-ún. Nígbà tí igi yìí kéré, ta ni yóò kà á sí? Àfi bó ṣe di géńdé, tó bẹ̀rẹ̀ sí í na apá. Ó na apá kan bo àgbàlá ẹni tó gbìn ín, níbi tí Ìyá Àgbà máa ń gbé àga sí lọ́sàn-án, nítorí ẹsẹ̀ kan ń dùn ún, ooru inú ilé kì í sì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà rímú mí. Ó na apá kejì kọjá fẹ́ǹsì, ó gbé e lé páànù Télọ̀, ó sì fi ewé bo fèrèsé, bí ẹni tó yọ́ wá láti ẹ̀yìn, tó fọwọ́ bo ojú èèyàn, tó ní kó sọ ẹni tí òun jẹ́.

Òkùnkùn dé bá Télọ̀ lọ́sàn-án gangan. Ó rán kóòtù fún lọ́yà kan, òwú dúdú lórí aṣọ dúdú. Lọ́yà wọ̀ ọ́, ó na ọwọ́, apá aṣọ méjèèjì kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Apá òsì ni Télọ̀ rán mọ́ ọ̀tún, ó rán apá ọ̀tún mọ́ òsì.

"Bàbá," ni lọ́yà wí, bó ṣe ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, "ṣé kí n máa fi ẹ̀yìn rìn wọ ilé ẹjọ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ kò ní apá, ṣùgbọ́n ó ń fò. Ó dé etí ọmọbìnrin Télọ̀ nílé ọkọ, ní ìlú mìíràn. Òun náà bá pè é lórí fóònù. "Bàbá mi, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn fún ẹni tó máa lò ó, kí ẹ̀yin àti Màmá máa bọ̀ wá jókòó lọ́dọ̀ mi."

Jókòó. Télọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò síwá, ó yẹ̀ ẹ́ wò sẹ́yìn, kò rí ojú rẹ̀. Kí ni yóò jókòó ṣe? Ọwọ́ tí kò bá ránṣọ mọ́, kí ni wọn yóò máa fi ṣe láti òwúrọ̀ dalẹ́? Ó ní kí ọmọ fún òun láyè díẹ̀. Àmọ́ ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ kò bá padà síbi ẹ̀rọ, a jẹ́ pé iṣẹ́ parí nìyẹn, ẹrù ló kù.

"Ṣé ewé lásán ló fẹ́ lé wa kúrò nílé ni?" ni ìyàwó rẹ̀ bi í. "Bàbá wọn, onígi ò ṣáà lọ sí ìrìn àjò. Ẹ lọ bá wọn sọ̀rọ̀."

Ó lọ. Bàbá Káfíńtà gbọ́, ó mi orí. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu bàbá yìí. Bí ẹ bá ka oríkì rẹ̀ láti ilẹ̀ dókè, "hẹn" ni yóò fi dá yín lóhùn, ẹ ó sì dúró kí ó tó jáde.

"Lọ́la, mò ń mú ìyá yín lọ sí ọsibítù," ló wí nígbà tó yá. "Àkàbà wà lẹ́yìn ilé. Ayùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára igi kí n tó jáde. Àmì yẹn ni kó o tẹ̀ lé."

"Ẹ ṣeun, Bàbá. Kò ní sí ìyọnu."

"Má ṣe kọjá àmì o. Tó o bá ṣi igi gé, kò sí òwú tó lè rán an padà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí mọ́tò ti gbé àwọn àgbàlagbà méjèèjì lọ, Télọ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó wọ àgbàlá ilé kejì. Ó gbójú sókè. Àmì wà lóòótọ́, ṣọ́ọ̀kì funfun, ó hàn ketekete. Télọ̀ wò ó, ó fọwọ́ nu ojú, ó tún un wò.

Ẹ má tíì bú u. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ níṣẹ́, iṣẹ́ náà ló ń fi ojú rẹ̀ wòran. Níbi iṣẹ́ télọ̀, ohun tí ṣọ́ọ̀kì bá kàn ni aṣọ. Ìyókù tí ṣọ́ọ̀kì kò kàn, ègé ni, ìgbálẹ̀ ló ni ín. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ a máa fi téèpù nà án létí bí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ bá já wọnú ìlà: "Ṣé o ò rí ṣọ́ọ̀kì ni?" Ó ti rí ṣọ́ọ̀kì láti ọjọ́ náà wá. Ó sì rí i báyìí, lára àwọn ẹ̀ka tó bo fèrèsé rẹ̀ gan-an. Àwọn tó wà lórí àga Ìyá Àgbà, kò sí ohunkóhun lára wọn.

"Ẹ ti bẹ̀rẹ̀?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì.

"Ọ̀rọ̀ yìí kò yé mi. Bàbá ní kí n fi èyí tó ń dí mi lójú sílẹ̀, kí n gé èyí tó ń ṣíji bo ìyàwó àwọn."

"Wọ́n fi ẹnu wọn sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àmì ló sọ ọ́."

"Ẹ wá dúró kí ẹlẹ́nu dé, kí ẹ bi í."

"Ṣé ọsibítù ni ibi tí èèyàn ti ń tètè dé? Àgbàlagbà ní kí n má kọjá àmì, èmi wá fẹ́ máa gbọ́n lórí rẹ̀. Bóyá dókítà ló ní kí oòrùn máa pa ẹsẹ̀ Ìyá. Bóyá ìmọ́lẹ̀ fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ yẹn wọlé sọ́dọ̀ mi."

"Ìmọ́lẹ̀ tó máa ya ilé onílé kó tó délé wa," ni ìyàwó wí. "Ó dáa. Ẹ má jábọ́ ṣáá."

Télọ̀ gun àkàbà. Ó fi ayùn lé igi, ó ń fà, ó ń tì, lúbúlúbú igi ń dà sí i nírùngbọ̀n, èèrà pupa ń gba ọrùn wọ inú aṣọ rẹ̀. Ẹ̀ka kan wó lulẹ̀, òmíràn tẹ̀ lé e. Oòrùn rọ́ wọ àgbàlá Bàbá Káfíńtà bí àlejò tí wọ́n ti há mọ́ ìta láti ọjọ́ pípẹ́. Ó mọ́lẹ̀ títí dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó mọ́lẹ̀ títí dé ìdí ìkòkò omi. Télọ̀ bojú wo fèrèsé tirẹ̀. Ó ṣókùnkùn bí inú àpò. Ó gé sí i, bóyá ìmọ́lẹ̀ yóò rántí ọ̀nà. Bó ṣe ń gé ni ilé onílé ń mọ́lẹ̀, tí ilé tirẹ̀ dúró síbi tó wà. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbá ewé jọ, ó to igi, ó sì jókòó sórí wọn, ó ń wo òkè bí ẹni tó ń retí pé igi yóò ṣàlàyé ara rẹ̀.

Orí òkìtì igi náà ló jókòó sí tí mọ́tò fi dé. Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, ó rí oòrùn, ó dúró.

"Bàbá," ló bi ọkọ rẹ̀, "ṣé ilé wa la yà sí yìí?"

Bàbá Káfíńtà bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò. Ó wo ibi tí ẹ̀ka wà tẹ́lẹ̀. Ó wo ibi tí wọ́n wà báyìí nílẹ̀. Ó wá wo Télọ̀.

"Télọ̀."

"Bàbá. Ẹ káàbọ̀. Ẹsẹ̀ Ìyá ńkọ́?"

"Kí lo ṣe yìí?"

"Ohun tí ẹ ní kí n ṣe ni. Mi ò fọwọ́ kan èyí tí ẹ sàmì sí rárá. Ẹ wò ó bó ṣe wà."

"Èyí tí mo sàmì sí lo fi sílẹ̀?"

"Ẹ ṣáà ní kí n tẹ̀ lé àmì, Bàbá."

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́ dàgbà. Ìyá Àgbà ló kọ́kọ́ rí ojútùú rẹ̀, ẹ̀rín sì mú un débi pé ó fẹ̀yìn ti mọ́tò.

"Láti ọjọ́ tí mo ti ń bá káfíńtà gbé," ló wí, "pákó tó bá ti fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà dábùú, ìdí iná ló ń lọ."

"Tiwa wá kọ́," ni ìyàwó Télọ̀ wí láti ẹ̀yìn fẹ́ǹsì. "Ègé aṣọ tí kò bá ní ṣọ́ọ̀kì la máa ń kì sínú ìrọ̀rí."

Télọ̀ gbọ́, ó fò dìde. Ó mú ayùn, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gé àwọn alámì tó ṣẹ́ kù kíákíá.

"Kí igi wá fi kí ni mí?" ni Bàbá Káfíńtà wí. "Tó o bá gé ìyẹn náà, òpó lo fi sílẹ̀ fún mi. Ó máa kú." Ó gba ayùn, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kò bínú, kò sì rẹ́rìn-ín. Ilẹ̀kùn kò pariwo. Èyí ló rú Télọ̀ lójú jù lọ, nítorí ẹni tó bá bú èèyàn ti jẹ́ kó mọ ibi tí òun dúró sí.

Láti ọjọ́ náà, nǹkan kò gún. Wọ́n ń gbọ́ tí Ìyá Àgbà ń kérora nínú yàrá lọ́sàn-án, nítorí kò sí ibi tí yóò gbé àga sí mọ́. Télọ̀ ń kí Bàbá Káfíńtà, ó ń gba "hẹn" kan náà tó ti ń gbà láti ọjọ́ tó pẹ́, kò sì mọ̀ bóyá "hẹn" ìjà ni tàbí "hẹn" àlàáfíà. Fèrèsé ṣú. Oníbàárà mú aṣọ wá, Télọ̀ dá a padà. Lẹ́yìn tí abẹ́rẹ́ ti gún un níka lẹ́ẹ̀kan sí i, ó mú aṣọ àlòkù kan, ó fi wé ẹ̀rọ náà látorí dé ẹsẹ̀, ó so ó ní ìgbànú. Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìkòkò tí yóò gbé lọ àti èyí tí yóò fi tọrẹ.

Ibi tí wọ́n wà nìyẹn tí ọ̀pá fi kan ilẹ̀kùn ọgbà, ó ń dún kọ́, kọ́. Ìyá Àgbà ló wọlé. Kò yà sínú ilé. Ó gba abẹ́ fèrèsé lọ, níbi tí ewé ti dí, tí ilẹ̀ tutù bí ìdí odò, ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá, ṣé kò sí wàhálà?" ni Télọ̀ béèrè.

"Ibòji mi ló kó wá sílé yín," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn. "Èmi náà tẹ̀ lé e. Ìyàwó, fún mi lómi."

Kò pẹ́ tí Bàbá Káfíńtà dé, tó ń wá aya rẹ̀. Ó rí i níbi tó ti ń tòògbé. Ó wo ewé lókè, ó wo ilẹ̀, ó wá rí ẹ̀rọ tí wọ́n dì bí òkú nínú yàrá.

"Kí lèyí?"

"Ọmọ ní ká máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, Bàbá. Mi ò ríran ránṣọ mọ́."

Bàbá Káfíńtà wọlé, ó yí ẹ̀rọ náà ká, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe máa ń wo tábìlì. Ó tú ìgbànú. Ó di igun kan mú.

"Gbé igun kejì," ló wí.

"Lọ síbo, Bàbá?"

"Ṣé o ò rí i pé ọ̀dọ̀ mi ni oòrùn rẹ wà ni? Gbé e, ọjọ́ ń lọ."

Télọ̀ gbé e. Kò tíì yé e, ṣùgbọ́n ó gbé e, ìyàwó rẹ̀ sì gbé àga àti agolo bọ́tìnnì tẹ̀ lé wọn. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá Káfíńtà, níbi tí oòrùn kò ti lè jóni, tí ìmọ́lẹ̀ sì kún bámúbámú. Bàbá Káfíńtà fi ègé pákó kan tì í lẹ́sẹ̀ kó má baà mì. Lẹ́yìn náà ó padà lọ jókòó ti aya rẹ̀ nínú ọgbà Télọ̀.

Aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé padà, ìdàrúdàpọ̀ sì bá a wá. Oníbàárà á kan ilẹ̀kùn Télọ̀, Bàbá Káfíńtà á yọjú, á ní "hẹn", á fi ọwọ́ júwe ilé ara rẹ̀. Ẹni tó wá kí Ìyá Àgbà á bá ọkùnrin tó fi abẹ́rẹ́ há ẹnu. Télọ̀ fúnra rẹ̀, bó bá kúrò nídìí iṣẹ́ lọ́sàn-án, á dúró láàárín ilé méjèèjì, á máa ronú èwo ló ń lọ àti èwo ló ti ń bọ̀.

Ọmọbìnrin rẹ̀ pè lórí fóònù. "Bàbá mi, ṣé ẹ ti ṣetán? Ẹ ti kó ẹrù?"

"A ti kó o."

"Ẹ ti wà lọ́nà nìyẹn?"

"Rárá, ilé kejì la kó o lọ. Ilé Bàbá Káfíńtà ni mò ń ránṣọ."

"Kí ló ṣe ilé tiwa?"

"Bàbá Káfíńtà àti Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣe pààrọ̀ ilé?"

"A ò ṣe pààrọ̀ ilé. Ta ló sọ pé a ṣe pààrọ̀ ilé? Bí alẹ́ bá lẹ́, kálukú ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀."

"Bàbá, kò yé mi."

"Kò yé èmi náà dáadáa," ni Télọ̀ wí. Ó fi èjìká ti fóònù mọ́ etí, ó lá òwú dúdú lẹ́nu, ó fi bọ ihò abẹ́rẹ́, òwú sì wọlé. "Ṣùgbọ́n mò ń ríran. Màá pè ọ́ tí mo bá rán apá yìí tán."