Agogo Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Mo Gbé Padà Sílé

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, kí ẹ tó bá ẹnikẹ́ni da nǹkan pọ̀ láìkọ ìwé.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi gan-an ni mo máa ń kọ ìwé àdéhùn fáwọn èèyàn ní ìlú wa, nítòsí Ìkọ̀lé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ gba oko kòkó ṣe lọ́wọ́ olóko, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń wá. Mo máa kọ ọ́ ní ẹ̀dà méjì, wọn á tẹ ìka sí i, ẹlẹ́rìí á fọwọ́ sí i. Mo tún máa ń kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú u dáadáa!

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì, ní ìparí àwọn ọdún 1990, èmi àti Àyọ̀délé, tí a jọ ṣe tísà, dá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni a lò. Èmi ni mo kọ́ kíláàsì mẹ́ta sórí rẹ̀. Èmi náà ni mo gbé agogo wá, èyí tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ lọ́jọ́ tí mo fẹ̀yìn tì. A ní àwa méjèèjì la ni ín, ọgbọọgba.

Mo dábàá pé ká kọ ọ́ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ẹnu Èkìtì wa, tó ń pe ilé ní ulé, dá mi lóhùn.

"Tísà, ṣé a ti di olóko àti alágbàṣe ni? Àbí ọmọ ulé kan kọ́ ni wá?"

Ojú tì mí. A kúnlẹ̀, a gbàdúrà, ó parí.

Ìgbà tí mo lọ kí ọmọ mi ní Ìbàdàn ni fọ́ọ̀mù tí ìjọba fi ń forúkọ ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ dé. Àyè fún orúkọ olùdásílẹ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Àyọ̀délé sì kọ tirẹ̀ sí i. Nígbà tí mo dé, mo ní kò burú. Ṣé ẹ ń rí mi bí?

Ní ọdún keje, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin dé láti Èkó pé òun fẹ́ máa bójú tó ilé-ẹ̀kọ́ náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó fún mi ní lẹ́tà. Wọ́n dúpẹ́ pé mo sìn wọ́n dáadáa gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí n máa lọ sinmi. Òṣìṣẹ́! Mo wo Àyọ̀délé. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀. Ó ní ó ti kan àwọn ọmọ láti máa ṣe é, kí n má bínú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn àgbà ìjọ wa. Àyọ̀délé kò sẹ́ pé mo kọ́lé. Ó ní mo fi ran òun lọ́wọ́ ni. Wọ́n béèrè ìwé. Mo ní a gbàdúrà. Bàbá kan láti Ìpáò wà láàárín wọn, àgbẹ̀ kòkó tí mo ti kọ àdéhùn fún rí. Àánú mi ṣe é.

"Tísà, ìwé tí ẹ kọ fún mi ṣì wà nínú àpótí mi. Òun ni olóko ò fi rí mi lé. Tiyín dà?"

Àwọn àgbà náà ní kí n kó ohun tí mo bá lè gbé. Kíláàsì kò ṣeé gbé. Agogo ni mo gbé.

Orí tábìlì mi ló wà títí dòní. Láàárọ̀, mo máa ń gbọ́ agogo tuntun wọn láti ilé, màá sì gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń sáré lọ tò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí ẹ ṣì ń bá ara yín rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kejì bá ní ẹ ò fọkàn tán òun, ẹ rọra ṣàlàyé fún un. Bó bá ṣì kọ̀, ẹ dìde. Ẹ sì máa wo orúkọ ẹni tó wà lórí fọ́ọ̀mù.

Ta ni irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí? Ẹ sọ tiyín fún wa. Èmi tí mo ń kọ ìwé fún gbogbo ìlú ti sọ tèmi.