Ẹkún Ìyàwó Inú Dísìkì

Kò sẹ́ni tó mọ Mọ́rìlíátù, aláṣọ ní Maourey nílùú Niamey, tí kò tíì gbọ́ ìròyìn ẹkún tó sun lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí Hàdìzà ọmọ rẹ̀, tí ìgbéyàwó tirẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, bá ti rẹ́rìn-ín báyìí, ìyá á jágbe mọ́ ọn: "Irú ìyàwó wo ló ń feyín síta báyìí? Lọ́jọ́ tèmi, mo sunkún títí ojú mi fi wú, oúnjẹ ò kan ẹnu mi! Ó mà ṣe o, kọ̀ǹpútà tí fídíò rẹ̀ wà ti kú."

Hàdìzà bá tú òkú kọ̀ǹpútà náà. Ó yọ dísìkì inú rẹ̀, ó kì í bọ inú àpótí pẹlẹbẹ kan tó ní wáyà, èyí tí wọ́n fi ń ka dísìkì, ó sì fi wáyà náà kan tẹlifíṣọ̀n. Fídíò jí.

Gbogbo ilé péjọ. Ìyàwó rèé lábẹ́ ìbòrí, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ẹ ò rí ẹkún bí?" ni Mọ́rìlíátù wí.

Ni afẹ́fẹ́ bá ṣí ìbòrí sókè. Eegun ìhà àgbò ni ìyàwó ń feyín já ẹran lára rẹ̀, ó sì ti nawọ́ sí òmíràn.

Àlíyù ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ìyá Hàdìzà, ẹkún ọ̀hún dà?"

"Inú ni mo ti ń sun ún! Hàdìzà, dá nǹkan yìí padà sí sàréè rẹ̀ kíákíá!"

"Ẹ má bínú, Màámi. Kó má baà tún sọnù, mo ti ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ará ilé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́."

Ìgbà yẹn gan-an ni Mọ́rìlíátù tó bú sẹ́kún ìyàwó.