Mọ́sálásí tí Àlàájì Fi Dí Gọ́tà

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni mo lọ sí Adéwọlé láti lọ wo ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n kọ́ sórí gọ́tà, mọ́sálásí ni mo bá níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú, ṣọ́ọ̀bù ló ṣì jẹ́.

Iṣẹ́ mi nígbà náà ni kí n máa yẹ ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wò fún ìjọba. Tí onílé bá ti yà kúrò nínú pláànù tí a fọwọ́ sí fún un, màá ti bùrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà pupa, màá fa ìlà méjì kọjá ara wọn lára ògiri rẹ̀, iṣẹ́ gbọ́dọ̀ dúró nìyẹn. Tí kò bá wó o fúnra rẹ̀, katapílà á wá bá a wó o. Láti Fate títí dé Post Office ní Ìlọrin, Ìyá Onípupa ni wọ́n ń pè mí lójú. Èyí tí àwọn bíríkìlà ń pè mí lẹ́yìn, n kò lè kọ ọ́ síbí, torí díákónì ni ọkọ mi.

Ọ̀rọ̀ sẹ́tíbáàkì ló ń dá ìjà sílẹ̀ jù. Kò ju àlàfo tí òfin ní kí onílé fi sílẹ̀ láàárín ògiri rẹ̀ àti títì, kí gọ́tà lè ráyè. Ṣùgbọ́n ojú àwọn èèyàn wa kì í rí ilẹ̀ tó ṣófo kó mójú kúrò. Wọ́n á ní ìjọba ò kúkú fi ṣe nǹkan kan.

Àlàájì Sàká, tísà tó ti fẹ̀yìn tì, ló ni ilé tí mò ń wí yìí. Pláànù rẹ̀ gba ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin níwájú ilé, ó dára bẹ́ẹ̀. Òun ló ní wọ́n kéré, ló bá fà wọ́n síwájú títí wọ́n fi gun orí gọ́tà. Opó kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Bọ́sẹ̀ sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Omi tí gọ́tà bá kọ̀, yàrá rẹ̀ ló ń gbà. Òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀ díẹ̀ lásán ti bá a rẹ bẹ́ẹ̀dì. Ó wá jókòó níwájú mi ní ọ́fíìsì, ó ń sunkún.

“Ìyá, tí òjò ńlá bá dé, ibo ni kí n kó àwọn ọmọ yìí sí?”

Mo lọ fa ìlà pupa mi. Àlàájì kọ́kọ́ ṣàdúà fún mi, ó wá bẹ̀ mí, nígbà tó yá ó bú mi. Mo ní kó wó iwájú yẹn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Ọ̀sẹ̀ parí lóòótọ́. Ó ti fi ọ̀dà funfun pa tèmi rẹ́, ó ti da páànù bo gbogbo ibẹ̀ láti ẹnu ilé rẹ̀ títí dé orí gọ́tà, ó tẹ́ ẹní, ó to búta àlùwàlá sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé gbohùngbohùn kọ́. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sáàárín pẹ̀lú tẹ̀súbáà, ojú rẹ̀ mọ́ bí ojú ọmọ tuntun.

“Ìyá Onípupa, ẹ káàbọ̀ o. Ilé Ọlọ́hun lẹ bá yìí. Ṣé ẹ ó wó o ni?”

“Àlàájì, ìgbà wo ló di ilé Ọlọ́hun?”

“Ọlọ́hun kì í pẹ́ lórí ohun tó bá fẹ́ ṣe.”

Ọgbọ́n yẹn kì í ṣe ti mùsùlùmí nìkan. Mo ti rí onígbàgbọ́ tó kan àgbélébùú mórí ilé adìyẹ nítorí katapílà, tí adìyẹ ṣì ń ké nínú ṣọ́ọ̀ṣì ọ̀hún. Ṣùgbọ́n èmi ìyàwó díákónì, kí n wó mọ́sálásí ní Ìlọrin? Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́, ó ní òun ní ìpàdé, ó wọ mọ́tò lọ. Inú bí mi débi pé omi bọ́ lójú mi. Òjò ti ń ṣú, Ìyá Bọ́sẹ̀ ò sì yéé pè mí lórí fóònù.

Mo bá gba ọ̀dọ̀ lemọ́mù àdúgbò lọ, pé kí wọ́n bá mi bá a sọ̀rọ̀. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀.

“Ẹ gbé ọ̀dà yín sílé,” wọ́n ní. “Ẹ jẹ́ ká lọ kí i kú oríire.”

Lọ́jọ́ kejì wọ́n kó jàmáà lẹ́yìn, wọ́n lọ kírun alásàrí níbẹ̀. Èmi dúró sódìkejì títì. Lẹ́yìn ìrun, Bàbá gba gbohùngbohùn Àlàájì.

“Àlàájì, ṣé lóòótọ́ lẹ ti fi ibí yìí sílẹ̀ fún Ọlọ́hun?”

Àlàájì wo jàmáà, ó wo èmi náà. Ó dájú pé ó rò pé ọ̀dà wà nínú báàgì mi. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣọ́ọ̀bù ló dà yẹn.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” ó ní.

“Gbogbo ibi tí páànù yìí bò?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ó ti di wákàfù nìyẹn. Ohun tí a bá ti yọ̀ǹda fún Ọlọ́hun, a kì í gbà á padà, a kì í tà á, ọmọ kì í jogún rẹ̀. Ọlọ́hun á san yín ní láádá.”

Gbogbo wọn ṣe àmín. Ti Àlàájì ni mi ò gbọ́. Bàbá wá tọ́ka sí gọ́tà, wọ́n ní ẹ̀tọ́ aládùúgbò wà lábẹ́ ẹní àwọn, àwọn ò sì lè máa forí kanlẹ̀ lórí ìnira opó. Kí wọ́n gé iwájú yẹn kúrò, èyí tó kù lẹ́yìn á tó kírun. Èyí tó kù lẹ́yìn ọ̀hún, ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin tí pláànù gbà fún Àlàájì ni.

Jàmáà fọwọ́ ara wọn wó iwájú ibẹ̀. N kò fi ìka kàn án. Kò pẹ́ tí òjò ńlá dé, mo sáré lọ wò ó. Omi ń rọ́ lọ nínú gọ́tà, ilẹ̀ yàrá Ìyá Bọ́sẹ̀ gbẹ. Ó dì mọ́ mi, inú mi dùn ju ọjọ́ tí wọ́n fún mi ní ìgbéga lọ. Àánú Àlàájì tiẹ̀ ṣe mí. Ká ní ó ti gé ìwọ̀nba tí mo fi ọ̀dà kùn ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ì bá wà níbẹ̀ dòní. Ó bá mi yodì títí. Nígbà tó yá ló gba gbohùngbohùn rẹ̀ padà, ló sọ ara rẹ̀ di ladáànì tó ń pe ìrun, ohùn rẹ̀ sì dùn, mi ò ní purọ́.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Láìpẹ́ yìí fóònù mi dún, Àlàájì ni.

“Ìyá Onípupa, ẹnìkan ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ sórí gọ́tà wa o.”

“Mo ti dá ọ̀dà ìjọba padà, Àlàájì. Àbí òun náà ti tẹ́ ẹní ni?”

“Kò ní ẹní ni,” ó ní. “Mo ti ní kó wá yá tèmi.”