Táyà Onígi Ẹ̀gbọ́n Mi

Òórùn pákó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi mọ Abuja, òun àti òórùn ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta ní Mpape. Nígbà yẹn, Maitama kò tíì di ibi tí àwọn olówó ń gbé. Ilẹ̀ pupa ni, pẹ̀lú òpó irin, àti àwa gbẹ́nàgbẹ́nà tí à ń kan pákó tí wọ́n ń da kọnkéré sí. Ìhà Ìwó ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ti wá. Inú yàrá onípáànù kan lẹ́sẹ̀ òkè Mpape là ń sùn, àwa àti ọkùnrin kan láti apá Kàbbà tó ń fọ́ òkúta. Abọ́ kan náà la ti ń jẹun. Bí ọyẹ́ bá mú, òun àti ẹ̀gbọ́n mi a jọ da aṣọ kan ṣoṣo bora.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú leré wa máa ń wáyé. Kálukú á gbé ọkọ̀ kékeré tó fi àjákù pákó gbẹ́ wá, a ó fi pákó gígùn méjì ti òkìtì yanrìn, a ó sì jẹ́ kí ọkọ̀ méjì sáré wá sílẹ̀ láti òkè. O lè máa rẹ́rìn-ín pé àgbàlagbà ń fi ọkọ̀ ọmọdé ṣeré. Ká ní o rí bí wọ́n ṣe máa ń làágùn! Òfin eré náà ló burú. Ẹni tó bá borí á fi òòlù fọ́ táyà ọkọ̀ ẹni tó pàdánù lójú gbogbo ayé, àwa yòókù a sì máa pariwo, "Fọ́ ọ! Fọ́ ọ!", títí igi á fi di eérún. Mo fẹ́ràn ariwo yẹn ju eré náà lọ, n ò ní purọ́.

Kò sẹ́ni tó lè bá ẹ̀gbọ́n mi du ú. Á gé táyà lára igi ìrókò, á ki ìṣó bọ àárín rẹ̀, á fi ẹnu dírììlì tí à ń fọwọ́ yí gbá ìṣó náà mú, á wá máa yí i lórí sánpépà títí á fi rí roboto. Lẹ́yìn náà, á gbé e sétí, á fi ìka ta á kó yí. Bó bá dún kẹ̀rẹ̀ báyìí, ó tún padà sídìí sánpépà nìyẹn. Àṣírí rẹ̀ tó kù ni bátìrì tọ́ọ̀ṣì tó ti kú. Á là á, á yọ ọ̀pá dúdú àárín rẹ̀, á lọ̀ ọ́ kúnná, á fi pa ìdí ìṣó. Ìyẹ̀fun dúdú yẹn ń yọ̀, eruku kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi èmi. Ó ń wo ará Kàbbà bó ṣe ń fi gíríìsì ẹ̀rọ ìfọ́kúta pa táyà tirẹ̀, ó sì mọ̀ pé eruku òkúta á sọ gíríìsì náà di àtè. Ẹ̀rín ló kàn ń rín sínú.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ará Kàbbà tún pàdánù. Ẹ̀gbọ́n mi gbé òòlù, ó fọ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àwa ń pariwo. Ó yẹ kó dúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo wa ti gùn ún. Ó tún fi òòlù la ara ọkọ̀ náà sí méjì. Ojú ará Kàbbà yí padà.

"Òjé ló wà nínú táyà rẹ," ó ní. "Gbé e wá, kí n là á wò."

"O ò ní fọwọ́ kàn án."

"Olè!"

"Ta lo pè lólè? Ìwọ tí o ò mọ táyà yàtọ̀ sí ọmọrí ìkòkò!"

Ará Kàbbà já òòlù gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nà án sókè, ó dojú rẹ̀ kọ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó wà lórí òkúta. Ẹ̀gbọ́n mi na ọwọ́ ọ̀tún bò ó. Mo gbọ́ bí eegun ṣe rún. Ìka mẹ́ta fọ́ mọ́ra wọn, ẹ̀jẹ̀ ta sí mi lẹ́nu. Ọwọ́ yẹn ló ń bọ́ ìyá wa nílé, òun náà ló rán mi níléèwé.

Mi ò mọ ìgbà tí mo fò mọ́ ọkùnrin náà. Mo gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, eyín rẹ̀ gé mi lọ́wọ́, mo tún gbá a. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà fa pákó yọ, àwọn afọ́kúta ṣa òkúta. Orí ẹnìkan là lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ẹlòmíràn ń pọ ẹ̀jẹ̀. Obìnrin tó ń ta fùrá ń ké, "Kai! Kai! Ẹ ó para yín o!" A lu ará Kàbbà títí kò fi lè dìde mọ́, a wọ́ ọ dé ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo sì tẹ apá rẹ̀ mọ́ òkúta. Kò jà. Ó wo ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi tó fọ́, ó bú sẹ́kún, ó sì tẹ́ ìka tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Fọ́ ọ," ó ní. "Òfin wa ni."

Ni gbogbo èrò bá gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Fọ́ ọ! Fọ́ ọ!" Ohùn tèmi ló ròkè jù. Ẹ̀gbọ́n mi fi ọwọ́ òsì gbé òòlù. Ó wò mí, ó wo ọwọ́ tó wà lórí òkúta. Ó wá yí padà, ó fi òòlù náà fọ́ ọkọ̀ ara rẹ̀, táyà kan tẹ̀lé èkejì, títí kò fi ku nǹkan kan tí a lè pariwo lé lórí.

"Èédú bátìrì ni, kì í ṣe òjé," ó sọ fún ará Kàbbà. "Ó yẹ kí n ti sọ fún ọ." Bó ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló ṣubú.

Ìka mẹ́ta yẹn kò ká mọ́ láé. Ọ̀pọ̀ ọdún ni inú fi bí mi sí ẹ̀gbọ́n mi pé ó jẹ́ kí ọkùnrin yẹn gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lọ. Kódà lónìí, bí mo bá pàdé ará Kàbbà náà lójú títì, mi ò mọ̀ bóyá n ó kí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè dúró níbi tí èrò bá ti ń pariwo kí wọ́n lu ẹnìkan mọ́, ì báà jẹ́ olè ni wọ́n mú. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ọjọ́ tí a padà délé ni ọ̀rọ̀ náà yé mi. Ìyá wa di ọwọ́ náà mú, ó ń sunkún, ó ní ta ló fọ́ ọ. Mo la ẹnu kí n dárúkọ ará Kàbbà. Ẹ̀gbọ́n mi ṣíwájú mi.

"Gbogbo wa ni, màámi," ó ní. "Ó ti pẹ́ tí a ti ń pariwo pé kí wọ́n fọ́ ọ. Ọwọ́ mi ló wá kàn."