Àga tí Ìyàwó Mi Fi Ọwọ́ Kan Yàn

Èmi ni mo máa ń sọ̀rọ̀ nílé wa. Bí mo bá sọ ọ́ tán, tí ẹnu ń ro mí, ìyàwó mi á dìde lọ ṣe ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Ẹ jẹ́ n fi ọ̀rọ̀ àga ìjẹun ọmọ wa ṣàlàyé, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo fẹ́.

Yàrá kan àti pálọ̀ là ń gbé ní Ajara: àwa méjèèjì, ọmọ wa ọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n jókòó, àti ìyá mi. Láti Kankon ni ìyá mi ti wá kí wọ́n lè bá wa wẹ ọmọ. Lọ́hùn-ún, àwọn ni wọ́n máa ń gbé ọmọ tí kò fẹ́ jẹun wá bá. Wọn á tẹ́ ọmọ sórí itan, wọn á ká àtẹ́lẹwọ́ òsì sí i lẹ́nu bí ife, wọn á máa fi tọ̀tún da ògì sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi tán. Àṣé àìsàn ń bọ̀ lọ́nà. Ìgbà tó dé bá wọn lọ́dọ̀ wa, apá òsì wọn ló mú. Ẹnu wọn padà bọ̀ sípò, ẹsẹ̀ náà padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì kò gbọ́ràn mọ́.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ sórí itan, ọmọ yọ̀ bọ́. Ọlọ́run ló yọ wá, ìyàwó mi gbá a mú kó tó délẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìyá mi kò gbé e mọ́. Bó bá na ọwọ́ sí wọn, wọn á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nígbà tó wá ku díẹ̀ kí ìyàwó mi padà sẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ rẹ̀ ní Otto, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù, wọ́n ní ilé wa kéré, àwọn ń lọ sílé. Ilé wo? Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ tí yóò bu omi fún wọn mu. Mo bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbà, wọ́n ní:

“Àgbà tó wà nílé tí kò lè fún ọmọ lóúnjẹ, kí ló jókòó ṣe?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ìyàwó mi ní tiẹ̀ kò bẹ̀ wọ́n rárá. Ó kàn ní ká lọ ra àga ìjẹun fún ọmọ. Inú bí mi. Ìyá mi ń di ẹrù, ìwọ ń wá àga! Síbẹ̀ mo mú téèpù, mo wọn àlàfo tó wà láàárín fìríìjì àti ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ nìkan ló ṣófo nínú pálọ̀ wa, mo sì tẹ̀ lé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù tòkunbọ̀ létí títì márosẹ̀.

Kíá ni mo rí tèmi. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ga, ó ṣeé ká, mo wọ̀n ọ́n, ó ṣe rẹ́gí. Mo ti ń ná an nígbà tí ìyàwó mi tọrọ àpótí lọ́wọ́ ọlọ́jà, ó gbé e sídìí àga náà, ó jókòó. Ó wá ti ọwọ́ òsì bọ abẹ́ ìró, ó ń fi tọ̀tún nìkan tú bẹ́líìtì àga. Kò tú. Ó gbé àpótí lọ sídìí òmíràn, ó tún ṣe bẹ́ẹ̀. Láti àga dé àga ló ń ṣe é, àwọn èèyàn dúró, wọ́n ń wò ó. Ojú tì mí. Mo sún mọ́ ọn, mo bi í jẹ́jẹ́ pé kí ló ṣe ọwọ́ rẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ọwọ́ Màámi ni mo fi ń yan àga.”

Omi lé sí mi lójú. Mo yíjú sí kẹ̀kẹ́ ọmọdé kan tí mi ò ní í rà, mo ń tẹ táyà rẹ̀ wò. Mo fẹ́ràn obìnrin yìí tẹ́lẹ̀ o, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé ìfẹ́ mi kò tíì tó.

Èyí tó mú níkẹyìn kúrú, ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, kò lè dojú dé. Ẹni tó bá jókòó sórí àpótí á máa wo ojú ọmọ tààrà, ìka kan sì ló ń tú bẹ́líìtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣeé ká, kò sì lè wọ ibi tí mo wọ̀n láéláé. Ìyàwó mi ní tábìlì onígíláàsì wa ni yóò jáde fún un. Tábìlì tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ nígbà ìgbéyàwó! Mo ráhùn títí a fi délé. Ó ń rẹ́rìn-ín, tábìlì sì jáde.

Kò sọ fún ìyá mi pé nítorí wọn ni. Bí ojú bá rí, ẹnu a dákẹ́. Ó de ọmọ mọ́ inú àga, ó gbé ife ògì àti ṣíbí sítòsí, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Màámi jọ̀ọ́ bá òun wo ọmọ, òun fẹ́ sáré wẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà pẹ̀lú mi, a jọ ń yọjú.

Ìyá mi kọ́kọ́ jókòó bí àlejò. Nígbà tí ọmọ na ọwọ́ sí ife, tó fẹ́ dà á nù, wọ́n tètè gbá a mú, wọ́n sì fa àpótí tí wọ́n jókòó lé sún mọ́ ọn. Wọ́n bu ṣíbí kan fún un, ó lá a. Wọ́n bu òmíràn. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi èdè Ègùn bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ògì tán. Wọ́n fi ìka kan tú bẹ́líìtì, wọ́n fi apá ọ̀tún gbá ọmọ mọ́ àyà, wọ́n rọra fà á sórí itan. Mo fẹ́ sáré wọlé, ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú. Ọmọ dì mọ́ wọn lọ́rùn. Kò bọ́.

Nígbà tí a wọlé, ìyá mi wo ìyàwó mi, ẹni tó lọ wẹ̀ tí ara rẹ̀ gbẹ, wọ́n wá yíjú sí ife ògì, wọ́n ní:

“Ìyàwó, ògì rẹ yìí ki jù fún ọmọ. Lọ́la, bí o bá ti ń lọ síbi iṣẹ́, má wulẹ̀ pò ó. Èmi ni n ó po èyí tí yóò mu.”

Ìyàwó mi kúnlẹ̀, ó ní kí Màámi má bínú. Ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ náà, ó dorí kodò, kí wọ́n má bàa rí i pé ó ń sunkún.