Ẹ̀tọ́ Onílé ní Moncalieri

Kí aládùúgbò kankan tó kí wa káàbọ̀ sí ilé tí a rà ní Moncalieri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Turin, òtútù ti kí wa. Caldaia, ẹ̀rọ tó ń fi gáàsì mú ilé gbóná, ti gbó kọjá àtúnṣe. Á máa kùn láti àárọ̀ dalẹ́, yàrá á sì tutù síbẹ̀. Kóòtù ni ọmọbìnrin mi ń wọ̀ ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀. Tó bá wá di ìgbà ooru, ilé kan náà á di ààrò.

Ilé ìwòsàn kan ní Turin ni mo ti ń ṣiṣẹ́ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ fún mi pé onílé tó bá yọ ẹ̀rọ àtijọ́, tó fi pompa di calore rọ́pò rẹ̀, lè gba rimborso, ìyẹn ni pé ìjọba á dá díẹ̀ padà nínú ohun tó ná. Iná mànàmáná ni ẹ̀rọ yẹn ń lò. Ó ń mú ilé gbóná nígbà òtútù, ó sì ń mú un tutù nígbà ooru. Mo pe oníṣẹ́ kan. Ó wọn ògiri tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣe mí lóore.

"Signora, ẹ jẹ́ ká ṣe é láìkọ rìsíìtì. N ó dín in kù fún yín. Rimborso yẹn kì í ṣe fún irú yín."

Mo ní, "Irú wa wo?"

Ó kàn ń ká téèpù ìwọ̀n rẹ̀. Mo ní bí kò bá lè kọ rìsíìtì tí mo máa fi gba rimborso, kó máa kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó kó o lóòótọ́. Obìnrin kan ló padà bá wa ṣe iṣẹ́ náà, ó ṣe é dáadáa, kò sì fi ìwé kankan pa mọ́.

Marghera ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́, òpin ọ̀sẹ̀ ló ń wálé. Nígbà tó gbọ́ pé mo fẹ́ lọ béèrè rimborso, ó ní, "Fi wọ́n sílẹ̀. Kí wọ́n má lọ sọ pé a wá jẹ ìjọba wọn run."

"Ẹ gbọ́ ná. Owó orí tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa, ṣé wọ́n bi wá pé ará ibo ni wá kí wọ́n tó yọ ọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa lọ.

Iléèwé wà ní ìsinmi, ọmọ mi bá tẹ̀ lé mi dé ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé rimborso ní Turin. Ọkùnrin tó wà ní sportello, ojú fèrèsé tí wọ́n ti ń dá èèyàn lóhùn, wo ìwé mi, ó wò mí, ó wá ń fa ọ̀rọ̀ yọ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀.

"Ẹ sọ fún onílé kó wá fúnra rẹ̀."

Ó rò pé arúgbó kan ni mò ń tọ́jú, pé òun ló rán mi.

"Èmi ni mo ni ilé náà."

"Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n onílé gan-an ńkọ́?"

Mo fa àga, mo jókòó. Mo gbé káàdì ìdánimọ̀ mi lé ẹ̀gbẹ́ ìwé ilé. "Orúkọ kan náà ni, ẹ kà á. Bí ẹ bá ṣì fẹ́ kọ̀ mí, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fọwọ́ sí i. Mi ò ní dìde títí ẹ ó fi kọ ọ́."

Àwọn èrò ti tò sẹ́yìn wa. Ọmọ mi fà mí láṣọ pé ká máa lọ. "Mamma, andiamo, ci guardano tutti."

"Jẹ́ kí gbogbo wọn máa wò wá. A ò jalè."

Ọkùnrin náà kà á. Kò tọrọ àforíjì. Ó kàn lu ìwé náà ní òǹtẹ̀, ó sì pe ẹni tó kàn.

Rimborso náà pẹ́. Wọ́n tún béèrè ìwé tí mo ti fún wọn, mo tún fi ránṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dé.

Obìnrin tí mo ń ra ẹ̀lùbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Turin ti ra ilé tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ní ẹ̀rù ń ba òun láti béèrè rimborso, pé wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí òun. Mo ní, "Jẹ́ kí wọ́n wádìí ẹ. Ṣé ilé náà kì í ṣe tìẹ ni?"

Ó wọn ẹ̀lùbọ́ mi, ó so ọ̀rá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní òun á ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Ajé, kí n bá òun lọ sí ọ́fíìsì náà.