Omi Èrìn-Ìjẹ̀ṣà kò jẹ́ ká dé Ìdànrè

Mo ba ètò ọmọ mi jẹ́ lónìí, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́.

Ràṣídá ní tí a bá ti Ifẹ̀ gbéra, a ó yà wo omi Èrìn-Ìjẹ̀ṣà díẹ̀, a ó sì dé òkè Ìdànrè kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà tá a dé ìdí omi náà, mo kọ̀, mi ò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kí ni ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ wo lára omi?

"Bàbá, ẹ ṣáà yọjú sí i."

Mo yọjú. Háà! Omi ń já bọ̀ láti òkè, ó funfun bí òwú! Mo rántí bàbá mi, tó ń fi garawa pọn omi sí ìdí kòkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Mo jókòó.

"Bàbá, Ìdànrè ńkọ́?"

"Òkè ò lẹ́sẹ̀, kò ní sá lọ."

Ibẹ̀ nilẹ̀ ṣú bá wa. Ràṣídá ń kùn bó ṣe ń tẹ èyí fún mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti débẹ̀ rí, ta ló tètè dìde nínú yín?